Kí ọmọ ajá ìran méjì tó di ajá ọdẹ: bí a ṣe ń kọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ 8 títí di ọjọ́ ìbọn

Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ni òwe náà dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́ni yìí, ọ̀dọ̀ ọdẹ gan-an ni ẹ̀bi sábà máa ń wà. Ọmọ ajá ń lé ehoro lọ, ọdẹ fun fèrè, ajá kò wẹ̀yìn. Ó tún fun un. Ó tún fun un. Kí ehoro náà tó wọ ihò rẹ̀, ọmọ ajá ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò pẹ́ lára rẹ̀: ariwo lásán ni fèrè, ehoro ni òótọ́ ọ̀rọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ru gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí: ẹ má pa àṣẹ tí ẹ kò ní lè mú ṣẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àìgbọràn lérè fún ajá, ì báà ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ìran wo ló ń fara hàn nínú rẹ̀?

Ajá ìran kan, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tí ẹ óò bá nínú rẹ̀ kó tó délé. Ti ajá ìran méjì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Spaniel bá gun Labrador (ìran ajá ọdẹ ni méjèèjì), nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lè jẹ́ ajá tí imú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀, tí yóò ya wọ inú ẹ̀gún láìbẹ̀rù, bíi ti ìran Spaniel. Èkejì a jókòó ti ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, a tẹjú mọ́ ibi tí nǹkan jábọ́ sí, bíi ti Labrador. Bí ẹ̀jẹ̀ Pointer bá wà nínú rẹ̀, ó lè máa sáré jìnnà pẹ̀lú orí sókè, kó sì dúró gbagidi lójijì nígbà tó bá gbóòórùn ẹyẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ Greyhound bá wà níbẹ̀, ojú ni yóò fi máa ṣọdẹ jù, ohunkóhun tó bá ti ń sáré ni yóò sì máa lé.

Ẹ má yan iṣẹ́ fún un kó tó pé oṣù 5 tàbí 6. Títí di ìgbà yẹn, ẹ ṣáà máa wò ó, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lù ú lójú, ṣé ó gbé imú sókè àbí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Nígbà tó dé etí ẹ̀gún, ṣé ó wọ̀ ọ́ àbí ó yí i po? Nígbà tí bọ́ọ̀lù sọnù sínú koríko, báwo ló ṣe pẹ́ tó kí wíwá a tó sú u? Nígbà tí ẹyẹ fò níwájú rẹ̀, ṣé ó dúró wò ó àbí ó gbá tẹ̀ lé e? Ajá tó ń wọ ẹ̀gún tí imú rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ kọ́ ọ láti máa tú ẹran dìde níwájú yín. Èyí tó ń dúró wo ibi tí nǹkan bọ́ sí, iṣẹ́ gbígbé ẹran wá ló wà fún. Èyí tó ń lé gbogbo ohun tó bá sáré, òun ni yóò gba sùúrù yín jù. Ìkọ́ni okùn gígùn rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù.

Àdàpọ̀ tó ń yọ ọdẹ lẹ́nu jù ni ti Pointer pẹ̀lú Spaniel. Lónìí yóò dúró gbagidi bó bá gbóòórùn ẹyẹ, lọ́la yóò sáré wọlé tọ̀ ọ́, ẹni tó gbé ìbọn kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó múra. Bí ẹ bá rí i pé ó ń dúró ju bó ṣe ń sáré wọlé lọ, ìdúró náà ni kí ẹ tọ́jú: nígbàkígbà tó bá dúró, ẹ rìn lọ bá a jẹ́jẹ́, ẹ fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ẹ má pariwo, ẹ má sì sọ pé kó wọlé títí ẹ óò fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú. Wọ́n rò pé àdàpọ̀ ìran ń lé àrùn ìdílé lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Àrùn ojú kan tí ń jẹ ẹ̀yìn ẹyinjú ajá díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fọ́ wà nínú ìran Labrador, ó sì wà nínú ìran Cocker Spaniel pẹ̀lú. Bí bàbá àti ìyá bá jọ gbé e láìfi hàn, ọmọ lè fọ́jú. Kí ẹ tó gba ọmọ ajá, ẹ béèrè àyẹ̀wò ojú àti àwòrán egungun ìbàdí ti òbí méjèèjì.

Ohun èlò

Kò pọ̀. Okùn ojóbó kan tó gùn tó mítà 1.5, èyí tí ń fún tí ajá bá fà, tí ń tú tí kò bá fà mọ́. Okùn fúyẹ́fúyẹ́ kan tó gùn tó mítà 10. Bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àpò kékeré tí a fi aṣọ líle rán, tí a kó nǹkan rírọ̀ kún inú rẹ̀, tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 225 fún ọmọ ajá. Bó bá dàgbà, ẹ lo ti gíráàmù 450. Àpò ìjù la ó máa pe àpò yìí títí dé ìsàlẹ̀.

Fèrè ni kí ẹ fara balẹ̀ rà. Ẹ má ra èyí tí ìró rẹ̀ ń yí padà. Fèrè Acme 210.5 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ Spaniel ń lò, 211.5 ni ti Labrador. Èyí tó wù yín nínú méjèèjì dára fún ajá ìran méjì. Ìdí tí nọ́ńbà yẹn fi ṣe pàtàkì ni pé tí fèrè bá sọnù sínú igbó, èyí tí ẹ bá rà dípò rẹ̀ yóò dún bákan náà létí ajá. Ẹ ra méjì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi ọ̀kan sílé.

Àmì fèrè mẹ́ta ló tó: kúkúrú lọ́pọ̀, *pí-pí-pí-pí*, túmọ̀ sí pé kó máa bọ̀, kúkúrú méjì, *pí-pí*, pé kó yí ojú padà sí ọ̀nà mìíràn, gígùn kan, *píííí*, pé kó jókòó síbi tó wà, kó wo yín.

Ti àṣẹ ẹnu nílò ìrònú díẹ̀, pàápàá ní èdè wa. Ohùn orin ọ̀rọ̀ ni ajá ń gbọ́ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. "Wá" àti "gbé e wá" parí síbì kan náà, ó sì ń da ọmọ ajá rú: ẹ rán an lọ gbé nǹkan, ó tẹ́tí gbọ́ "wá", ó padà sọ́dọ̀ yín lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ lo "jókòó" fún ìjókòó, "lọ gbé" fún rírán lọ, "tú u" fún ìfisílẹ̀, kí ẹ sì fi ìpè padà sílẹ̀ fún fèrè. Gbogbo ará ilé ni kó máa lo ọ̀rọ̀ kan náà.

Ọ̀sẹ̀ 8 sí oṣù 4: abọ́ oúnjẹ ni ilé ẹ̀kọ́

Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù fún ohun tuntun. Ohun tí kò bá bá pàdé nígbà náà lè máa já a láyà títí ayé. Ẹ gbé e lọ wo mọ́tò, ọmọdé, àgùntàn, adìẹ, ẹni tó dé fìlà ńlá, agbòòrùn tó ṣí lójijì. Gbígbé lọ́wọ́ ni, kì í ṣe pé kó máa rìn nílẹ̀ tí ajá mìíràn ti ń rìn, nítorí àrùn pávò, ìyẹn àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, títí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ yóò fi pé. Dókítà ẹranko ni yóò sọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, ti àrùn dìgbòlugi pẹ̀lú.

Títí yóò fi pé oṣù 3, ó ń jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Láti oṣù 3 sí 6, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi kọ́ ọ ní fèrè ìpadà:

1. Kí ẹnìkan di ọmọ ajá mú níbi tó jìnnà tó mítà 5, kí ojú rẹ̀ wà lára abọ́.
2. Ẹ fun *pí-pí-pí-pí*. Fèrè ni kó kọ́kọ́ dún. Ẹ má tíì gbé abọ́ mì.
3. Bó ti dún, kí onítọ̀hún tú u sílẹ̀. Ẹ gbé abọ́ sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ yín, kí ọmọ ajá lè wọlé wá bá yín, kó má dúró ní ọ̀kánkán.
4. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mú un lọ sí yàrá mìíràn kó má rí abọ́ rárá.

Ọjọ́ 10 pẹ̀lú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin jẹ́ ìgbà 40 tí fèrè dún tí ó sì já sí rere, láìsí ìgbà kan tó já sí asán. Irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yẹ̀ kíákíá. Ohun tó ń ba á jẹ́ ni pé kí ẹ fun fèrè nígbà tó ń bá ajá mìíràn ṣeré. Nígbà yẹn, ẹ dákẹ́, ẹ rìn lọ mú un.

Ìjókòó náà wà nínú abọ́ yìí. Ẹ gbé abọ́ gba òkè imú rẹ̀ lọ sẹ́yìn orí. Bí orí bá ti gòkè, ìdí á lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ìdí kan ilẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ pé "jókòó", kì í ṣe ṣáájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ abọ́ kalẹ̀. Bó bá dìde, abọ́ á padà sókè. Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí lílù. Ẹ ó rí i lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin: abọ́ ń sọ̀ kalẹ̀, ara ọmọ ajá ń gbọ̀n, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí kò kúrò nílẹ̀. Ìdúró níwájú ẹyẹ tó ń fò ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 2 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un títí dé 20.

Gbígbé nǹkan wá

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn ju ọ̀dọ̀ yín lọ. Ẹ ju ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ká sí mítà 3. Ẹ jẹ́ kó sáré lọ láìdá a dúró. Ìfẹ́ gbígbé ni à ń dá sílẹ̀ báyìí, ìgbọràn á tẹ̀ lé e. Bó bá gbé e, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ má wò ó lójú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìgbà tó bá dé. Ọmọ ajá dé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́nu, ìrù ń jù, inú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan mú bọ̀. Lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ ènìyàn na síwájú, ó já ìbọ̀sẹ̀ gbà. Lẹ́ẹ̀kejì, yóò dúró ní apá kan sí yín. Lẹ́ẹ̀kẹta, yóò máa yí yín po. Ẹ̀rù olè ló ń bà á. Ohun tó yẹ ni kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ sí àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ pa á, kí ẹ yìn ín, kí ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò fi ọwọ́ kan sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ sọ pé "tú u", kí ẹ sì dúró kó fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má bá a fà á láé. Ajá tó bá mọ̀ pé fífà ni gbígbà, eyín ni yóò fi di ẹyẹ mú, ẹyẹ tó bá gbé wá yóò sì ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbà 3 lójúmọ́ ti tó. Bí ẹ bá rí i pé ó ṣì ń fẹ́ sí i, ẹ dá a dúró síbẹ̀. Èyí tó sú lónìí kì í fẹ́ sáré lọ́la.

Láti nǹkan bí oṣù 4 sí 6, eyín rẹ̀ ń yí padà. Ẹ wo èrìgì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá wú, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára àpò ìjù, ẹ dá gbígbé dúró títí èrìgì yóò fi san. Ọmọ ajá tí àpò bá dùn lẹ́nu lè kọ̀ láti gbé nǹkan títí láé, àwọn mìíràn a sì máa jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Oṣù 5 sí 9: okùn, ìjókòó, àti fèrè gígùn

Ìkọ́ni ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ ti tó fún ọmọ oṣù 3 sí 4. Ní oṣù 6, ìṣẹ́jú 10 sí 15. Egungun rẹ̀ kò tíì gbó títí di nǹkan bí oṣù 12 sí 18, gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ bá ti tóbi tó, nítorí náà kò gbọdọ̀ máa fo odi, kò sì gbọdọ̀ máa sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́.

Fún rírìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀: apá òsì ni ajá ń wà bí ọwọ́ ọ̀tún bá gbé ìbọn. Okùn ojóbó gbọ́dọ̀ rí bí lẹ́tà P nígbà tí ajá kọjú sí yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní tú lẹ́yìn tó bá fún. Bó bá fà, ẹ yí padà kí ẹ máa lọ sí ibòmíràn láìsọ ohunkóhun. Fífà kò gbé e dé ibi kankan, òun náà yóò rí i.

Fèrè gígùn ni ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí òun ni yóò dá a dúró bó bá ń sáré lọ sí ojú títì, tàbí bó bá ń tẹ̀ lé ehoro lọ síwájú ìbọn. Ẹ kọ́ ọ báyìí:

- Kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí okùn. Ẹ sọ pé "jókòó", ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sókè, ẹ fun *píííí*. Ọjọ́ 5 lórí èyí nìkan.
- Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò. Fèrè àti ọwọ́ nìkan ló kù.
- Lórí okùn gígùn, nígbà tó bá ń rìn lọ ní mítà 3, ẹ fun un. Bí kò bá jókòó, ẹ má fun fèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fà á padà sí ojúkò tó wà nígbà tí fèrè dún, ẹ mú un jókòó síbẹ̀ gan-an. Ojúkò yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá mú un jókòó síbi tí ẹ ti bá a, ohun tó kọ́ ni pé òun lè rìn díẹ̀ sí i.
- Ẹ fi kún jíjìnnà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: mítà 5, 10, 20. Lẹ́yìn tó bá jókòó, ẹ̀yin ni kí ẹ rìn lọ bá a láti yìn ín. Bí ẹ bá ń pè é wá gba ìyìn nígbà gbogbo, yóò máa jókòó ní ìdajì ara, kó ti máa múra láti dìde.

Láàárín oṣù 6 sí 10, ọ̀pọ̀ ajá máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Wọn kò gbàgbé o. Ara ló ń dàgbà. Ẹ padà sí okùn gígùn fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, ẹ má fún un láyè láti kọ etí dídi sí fèrè.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìdúró níwájú ohun tó ń jábọ́. Ẹ mú un jókòó, ẹ ju àpò ìjù 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ gbé 7, ẹ rán an lọ gbé 3 péré. Ajá tí wọ́n rán lọ gbé gbogbo ohun tó bọ́ yóò máa sáré kí àṣẹ tó jáde, ọjọ́ tí ẹyẹ gidi bá sì já bọ́ sáàárín ọdẹ mẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò lè dá a dúró.

Wíwá ẹran kiri níwájú ọdẹ

Èyí jẹ́ ti ajá tí ìran Spaniel pọ̀ nínú rẹ̀. Ìbọn ọta wẹ́wẹ́ kì í sábà pa ẹran dáadáa kọjá mítà 35 sí 40. Ẹyẹ tó dìde ní mítà 20 síwájú yín ti lọ jìnnà sí i kí ìbọn tó dé èjìká. Ìdí nìyẹn tí ajá kò fi gbọdọ̀ kọjá mítà 15 sí 20, ní iwájú tàbí ní ẹ̀gbẹ́.

Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́. Ẹ já koríko díẹ̀, ẹ jù ú sókè, ẹ wo ibi tó gbà. Nínú koríko tó dé orúnkún yín, ẹ máa rìn kọ́lọkọ̀lọ: ìṣísẹ̀ 10 sí ọ̀tún, 10 sí òsì, kí ọwọ́ máa tọ́ka ibi tí ẹ ń lọ. Ọmọ ajá yóò ré yín kọjá. Bó bá kan ìpẹ̀kun apá kan, *pí-pí*, ẹ yí padà lójú kan náà. Kí ẹ tó mú un dé, ẹ ti fi bọ́ọ̀lù kan pamọ́ sí apá òsì, òmíràn sí apá ọ̀tún, ní mítà 10, kí yíyípadà lè lérè. Bó bá ń rí bọ́ọ̀lù nítòsí yín nígbà gbogbo, tí kò sì rí nǹkan kan rí ní ọ̀nà jíjìn, kì yóò ní ìdí láti lọ jìnnà.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín, ajá tó gbọ́n yóò sáré lọ síwájú jìnnà, yóò sì máa wá ẹran padà bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Imú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe àìgbọràn. Ẹ má na ajá lórí èyí. Fún ọmọ ajá, ẹ kàn yẹra fún afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn títí yóò fi gbó nínú iṣẹ́.

Ìró ìbọn

Ènìyàn ló sábà máa ń dá ẹ̀rù ìbọn sí ajá lára. Wọ́n mú ọmọ oṣù 5 lọ síbi tí ọdẹ méje ti ń yìnbọn, "kó lè mọ́ ọn lára". Ìbọn kan tó dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ ti tó láti ba ajá jẹ́ títí ayé.

Láti ìgbà kékeré, ẹ máa fi ṣíbí lu abọ́ ní yàrá kejì nígbà tó bá ń jẹun. Lẹ́yìn oṣù 7 tàbí 8, nígbà tí fèrè gígùn ti múlẹ̀, ẹ wá olùrànlọ́wọ́ kan. Kó dúró ní mítà 150 pẹ̀lú ìbọn kékeré tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ìje, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ń bá ajá ṣe ohun tó fẹ́ràn jù, bóyá wíwá bọ́ọ̀lù. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má wò ó, ẹ má tù ú nínú. Ẹ máa bá eré yín lọ. Bí etí rẹ̀ bá kàn yí tó sì tún padà sídìí bọ́ọ̀lù, ó dára. Ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Bí ìrù bá ká sáàárín itan, bó bá ń lá ètè, bó bá wá dúró ti ẹsẹ̀ yín, tàbí bó bá kọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ti sún mọ́ jù: kí olùrànlọ́wọ́ sún sẹ́yìn mítà 50 lọ́jọ́ mìíràn. Mítà 20 sí 30 ni kí ẹ máa dín kù lọ́sẹ̀, ìbọn ńlá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Ẹ má di okùn ajá àti ìbọn mú pọ̀ ní gbogbo àsìkò yìí; ẹni tó ń yìnbọn kò gbọdọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ so ìró náà mọ́ ìjókòó: ìbọn dún, *píííí*, jókòó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìbọn fúnra rẹ̀ á di àṣẹ ìjókòó.

Omi

Ẹ má ju ọmọ ajá sómi láé. Ẹ wá ibi tí etí odò ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ọjọ́ tí oòrùn mú, ẹ fi bàtà wọ inú rẹ̀, kó tẹ̀ lé yín. Àpò ìjù àkọ́kọ́ yóò bọ́ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń kan ilẹ̀. Nígbà tó bá jáde, ẹ dúró ní etí omi gan-an láti gbà á, torí ajá máa ń sọ ohun ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láti gbọn omi dànù.

Ẹyẹ àkọ́kọ́

Láti àpò aṣọ dé orí ẹyẹ, ẹ má fò ó. Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà di ìyẹ́ apá ẹyẹ gbígbẹ mọ́ àpò ìjù. Lẹ́yìn náà, ẹyẹ tó ti kú, tó tutù, tí kò lẹ́jẹ̀ lára, tí kò sì rà. Ẹyẹlé ni ọwọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ tó, ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ máa ń tú sẹ́nu ajá, ó sì ń kó o nírìíra. Ẹ ki i bọ inú ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbé e láti inú firísà, ẹ jẹ́ kó yọ́ pátápátá. Ẹyẹ dídì ń kọ́ ajá láti fi eyín dì í.

Bó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyẹ mọ́lẹ̀ kó bàa lè tú ìyẹ́ rẹ̀, ẹ má kígbe. Ẹ fun fèrè ìpadà, ẹ sáré sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìfẹ́ àtitẹ̀ lé yín yóò mú un gbé e wá. Ehoro wúwo ju ẹyẹ lọ, ó di kó pé ọdún kan kó tó gbé e.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá ìbọn jáde

Kó tó pé oṣù 12 sí 14, kò sí ìdí láti mú un lọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ rí i dájú pé ìwé àṣẹ ìbọn àti òfin ọdẹ ilẹ̀ tí ẹ wà gbà yín láyè. Kí ẹlòmíràn gbé ìbọn. Ajá nìkan ni iṣẹ́ yín. Wákàtí kan tàbí méjì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó jẹun díẹ̀ tàbí kó má jẹ rárá kó tó jáde. Abọ́ ńlá ṣáájú sísáré lè mú kí inú ajá wú, kó sì lọ́.

Ẹyẹ 5 àkọ́kọ́ tó bá bọ́, kó jókòó kó wò ó. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ gbé 4 níbẹ̀. Èyí tó kú pátápátá níbi tí koríko ti pọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ rán an sí. Ẹ má rán an sí ẹyẹ tó fara gbọgbẹ́ tó ń sáré ní oṣù àkọ́kọ́: ìjàkadì ni yóò bá a jà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ajá sì ti ń kọ́ láti máa fọ́ ẹran. Bó bá ń kùn tàbí tó ń gbó níbi tó jókòó sí, ẹ gbé e jìnnà sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Ìgbóná ọkàn rẹ̀ ti pọ̀ jù, kíkùn sì máa ń di bárakú kíákíá.

Ẹ bọ́ okùn ọrùn rẹ̀ kó tó wọ inú ẹ̀gún, kó má bàa há. Ẹ gbé omi dání. Bó bá ń mí gùlegùle tí kò dẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ pọ́n dúdú, tàbí tó ń rìn bí ọ̀mùtí, ooru ti mú un: ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára láìdáwọ́ dúró, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko.

Nígbà tí ẹ bá délé, kí abọ́ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi ìka tọ́ sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀gún, ẹ wo inú etí fún irúgbìn koríko, ẹ yẹ abẹ́ apá àti abẹ́ ìrù wò fún eégbọn. Ẹ nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé abọ́ gba òkè imú rẹ̀ bíi ti ìgbà tó wà ní ọ̀sẹ̀ 8, kí ẹ sì dúró kí ìdí kan ilẹ̀.